Máṣíìnì tó rì sómi: yọ plọ́ọ̀gì kó o tó ronú àti kíìkì ẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Boxer 100 ni mo ń gùn lọ sóko wa lápá Èrúwà. Lánàá, odò tá a máa ń gbà kọjá ti kún, mo rò pé màá lè kọjá, àfi bí omi ṣe gbá taya ẹ̀yìn tí máṣíìnì ṣubú, tó rì pátápátá. Ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣubú, inú omi ló kú sí. Ó tó ogún ìṣẹ́jú ká tó rí i wọ́ jáde. Mẹkáníìkì abúlé ní kí n máa kíìkì ẹ̀ títí á fi jí, bàbá mi ní kí n sá a sóòrùn fọ́jọ́ mẹ́ta kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

Àbúrò mi, kú ewu o. A dúpẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ jáde, torí omi tó lè gbá taya lè gbé èèyàn lọ. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni ibi tó o ti ní o ò tíì ṣe nǹkan kan. Jọ̀ọ́, bó ṣe wà yẹn ni kó ṣì wà. Má kíìkì ẹ̀, má tẹ sítáátà, má jẹ́ kí wọ́n bá ẹ tì í, kódà tó o bá fẹ́ sún un láti ibì kan síbòmíì, fi í sí fírì kí taya má bàa máa yí ẹ́ńjìnì. Yọ kọ́kọ́rọ́, kó o sì tú orí bátìrì kan sílẹ̀.

Mẹkáníìkì yẹn ò fẹ́ ibi fún ẹ, bàbá ẹ náà, ohun ìní ẹ ni wọ́n ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí wọ́n ní kó o ṣe yẹn gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnì lẹ́yìn tó bá jáde nínú omi. Ọ̀kan á pa á lójú ẹsẹ̀, èkejì á pa á díẹ̀díẹ̀.

Jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ti kíìkì. Ra síríǹjì ní kẹ́míìsì, yọ abẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀ dànù, fa atẹ́gùn sínú ẹ̀, fi ìka dí ẹnu ẹ̀, kó o wá tì í. Á lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Wá fa omi kún un, fi ìka dí i bákan náà, tì í. Kò ní mira, ìka ẹ ni á máa dùn ẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà nìyẹn: sílíńdà ló dà bí ara síríǹjì, písítìn ló dà bí ọ̀pá tó ò ń tì. Písítìn á sọ̀ kalẹ̀, á fa atẹ́gùn pẹ̀lú fúẹ́lì wọlé, fáàfù méjèèjì (ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde) á pa dé, písítìn á wá máa gòkè bọ̀ láti fún atẹ́gùn yẹn pọ̀. Tó bá wá jẹ́ omi ló fà wọlé, omi ò ṣeé fún pọ̀, kò sì síbi tó fẹ́ gbà jáde, písítìn ò lè dé òkè, agbára tó ń tì í bọ̀ látìsàlẹ̀ ò sì lè pòórá, nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbà fún un, ohun tó sì sábà máa ń gbà ni kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Á tẹ̀.

Omi tó lè ṣe èyí ò pọ̀ o. Sílíńdà ẹ kì í ju nǹkan bíi 100cc lọ. Ká fi compression 9 sí 1 ṣírò ẹ̀, ìyẹn ni pé písítìn á fún atẹ́gùn pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ààyè tó máa ń kù lókè nígbà tí písítìn bá gòkè tán ò ju bíi 12cc lọ. Ṣíbí ńlá kan tá a fi ń jẹ ìrẹsì gba 15cc. Ìyẹn ni pé omi tí kò kún ṣíbí ti pọ̀ jù fún un. Ìwọ tí máṣíìnì ẹ sì ti wà nínú odò fún ogún ìṣẹ́jú, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ó ti gba áyà fíltà wọlé, ó ti gba ẹnu sàlẹ́ńsà wọlé.

Mo rí i lójú ara mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbé máṣíìnì kan tó bọ́ sí gọ́tà wá lọ́jọ́ òjò, ẹni tó ni ín ń kánjú, ọ̀gá ò sí nílé. Ẹnì kan nínú wa kíìkì ẹ̀, kíìkì le bí òkúta, kò lọ. Wọ́n bá ní ká tì í. A tì í débi tó ti sáré dáadáa, ó fi í sí jíà kejì, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, taya ẹ̀yìn dúró gbagidi, a gbọ́ "gbàù" lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá ó ṣáà jí, inú gbogbo wa dùn, ọkùnrin náà gùn ún lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gbé e padà wá. Kọ́nrọ́ọ̀dù tó ti tẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti já, ó sì ti lu ara ẹ́ńjìnì yọ síta, ihò tó ń bẹ níbẹ̀, ìka mi méjì wọ̀ ọ́. Ọ̀nà oúnjẹ ẹni yẹn ni. Àtìgbà yẹn, máṣíìnì yòówù tó bá ti inú omi wá sọ́dọ̀ mi, mi ò kí ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbẹ́sẹ̀ lé kíìkì ẹ̀ kí n tó yọ plọ́ọ̀gì.

Ó wá ku ti oòrùn. Irin kì í dógùn-ún torí omi nìkan, omi àti atẹ́gùn ló jọ ń fa ìpẹtà. Nígbà tí máṣíìnì wà nísàlẹ̀ odò, atẹ́gùn tó rí ò tó nǹkan. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti wọ́ ọ jáde ni ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn á gbẹ ìjókòó, á gbẹ táǹkì lóde, ṣùgbọ́n inú sílíńdà ò rí oòrùn, omi tó wà lábẹ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì náà ò rí oòrùn, ooru yẹn á kàn máa hó wọn díẹ̀díẹ̀ ni, á sọ inú ẹ̀ di ìkòkò tí wọ́n dé. Ríngì, òrùka irin tó wà lára písítìn, á dípẹtà mọ́ ògiri sílíńdà. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì á fi sá tiẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, tó bá wá fẹ́ kíìkì ẹ̀, kò ní yí mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ wúlò fún wáyà àti ìjókòó, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ́ńjìnì, òní ni, kì í ṣe ọ̀la.

Ohun tó o máa wá: sípánà plọ́ọ̀gì, plọ́ọ̀gì tuntun kan, ọ́ìlì tó ò wọ́n lítà mẹ́ta (ẹ́ńjìnì ẹ ń gba nǹkan bíi lítà kan lẹ́ẹ̀kan), bọ́ọ̀tù omi oníke tó mọ́ gaara méjì, àkísà, búrọ́ọ̀ṣì. Kó o tó tú ohunkóhun, fi omi tó mọ́ ṣan ẹrẹ̀ ara ẹ́ńjìnì, pàápàá ìdí plọ́ọ̀gì, fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ibẹ̀, kó o sì nù ún gbẹ. Omi odò tó kún, iyanrìn ló gbé, tí iyanrìn díẹ̀ bá jábọ́ sínú ihò plọ́ọ̀gì, á máa ha ògiri sílíńdà bí ìgbà téèyàn ń fi sáńdípépà fà á ni.

Wá yọ plọ́ọ̀gì. Má tíì kíìkì o. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, bí wọ́n bá ti yọ plọ́ọ̀gì báyìí, kíìkì ló kàn, mi ò bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ni kó o lọ bá. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, máṣíìnì ẹ sì ti dúró sójú kan láti àná, omi tó wọnú ọ́ìlì ti lọ jókòó sísàlẹ̀ báyìí. Gbé e dúró dáadáa lórí sítáńdì ńlá, gbé abọ́ sábẹ́, tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó o sì máa wo ohun tó ń jáde. Tí omi bá wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ ṣàn, á mọ́ tàbí kó dà bí omi ẹrẹ̀, ọ́ìlì dúdú á wá tẹ̀ lé e. Tó o bá ti kọ́kọ́ kíìkì ẹ̀, àwọn méjèèjì ì bá ti pò pọ̀, wọ́n á di funfun ràkọ̀ràkọ̀ bíi Bournvita tí wọ́n da mílíìkì sí jù, á wá ṣòro fún ẹ láti kó o jáde tán. Jẹ́ kó máa kán sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Yọ séèfù tó ń sẹ́ ọ́ìlì, fọ̀ ọ́, dá a padà, kó o wá rọ ọ́ìlì tuntun sí i.

Bó ṣe ń kán lọ́wọ́, bọ́ sórí áyà fíltà. Ṣí àpótí ẹ̀, da omi ibẹ̀ nù. Fíltà tó bá jẹ́ ti fóòmù, fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, fún un, má lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ torí á ya, jẹ́ kó gbẹ kó o fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Tó bá jẹ́ ti bébà, kò sí ẹ̀bẹ̀ ńbẹ̀, ra òmíì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yin méjì gbé orí máṣíìnì sókè, kí ìdí ẹ̀ wálẹ̀, kí omi sàlẹ́ńsà lè dà jáde lẹ́nu ẹ̀. Á yà ẹ́ lẹ́nu bó ṣe máa pọ̀ tó.

Ìgbà yìí la tó fẹ́ yí ẹ́ńjìnì. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lára ẹ̀, wáyà plọ́ọ̀gì wà lọ́ọ̀ọ́kán, torí ohun tó máa fọ́n jáde lè ní fúẹ́lì nínú, a ò fẹ́ iná níbẹ̀. Má gbé ojú sọ́dọ̀ ihò plọ́ọ̀gì. Fi ọwọ́ tẹ kíìkì wálẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Omi á tú jáde níhò yẹn "fìì". Tún un ṣe, tún un ṣe, títí tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló ń jáde, lẹ́yìn náà ni kó o tó wá fẹsẹ̀ ṣe é bíi ogún ìgbà. Tó bá jẹ́ pé kíìkì ò lọ rárá bí plọ́ọ̀gì ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, dáwọ́ dúró, má bá a jà. Rọ ọ́ìlì bíi ṣíbí méjì sínú ihò yẹn, fi í sílẹ̀ mọ́jú, kó o tún dán an wò. Tó bá tún kọ̀, ó ti di títú nìyẹn.

Ṣé o rántí pé o ní ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣubú? Ọkàn mi wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ. Ẹ́ńjìnì tó ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn ẹ̀ ń gòkè nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó bá fa omi nígbà tó wà nírú eré yẹn, kọ́nrọ́ọ̀dù lè ti tẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á jáde. Tó bá jẹ́ pé jẹ́jẹ́ lò ń lọ ní jíà kìíní, ìrètí wà dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ó kàn máa kú ni. Bó o ṣe máa mọ̀ rèé: wá ẹni tó ní Boxer 100 bíi tìẹ, tí tiẹ̀ dára. Yọ plọ́ọ̀gì tiẹ̀, ki sítírọ́ọ̀ gígùn, èyí tí wọ́n fi ń mu mínírà, sínú ihò yẹn kó fara kan orí písítìn, máa yí ẹ́ńjìnì jẹ́jẹ́ kí sítírọ́ọ̀ gòkè débi tó lè gòkè dé, fi bírò sàmì sí i. Wá fi sítírọ́ọ̀ kan náà ṣe tìẹ, kó o fi í síbẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́. Tí tìẹ ò bá gòkè tó ti ọ̀rẹ́ ẹ, kódà kó jẹ́ mílímítà kan tàbí méjì, kọ́nrọ́ọ̀dù ẹ ti kúrú, ìyẹn ni pé ó ti tẹ̀, má tan máṣíìnì yẹn rárá. Má lo igi ìgbálẹ̀ o, á dá sínú ẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn compression á ṣe é dáa jùyí lọ, ṣùgbọ́n nínú oko, sítírọ́ọ̀ tó.

Tó bá yege, ó ku fúẹ́lì. Omi tún wúwo ju fúẹ́lì lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa wà, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni kabúrétọ̀ ti ń mu. Tú gbogbo ẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù tó mọ́ gaara, gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wàá rí ìlà kan tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere, fúẹ́lì lókè, omi nísàlẹ̀. Da tòkè sọ́tọ̀ jẹ́jẹ́, má fi ojúkòkòrò da ìyókù mọ́ ọn. Kabúrétọ̀ náà, tú abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, nù ún, fẹ́ atẹ́gùn sí jẹ́ẹ̀tì, ihò tóóró tí fúẹ́lì ń gbà kọjá.

Ní ti wáyà, ibi tí oòrùn bàbá ẹ ti wúlò nìyí. Tú gbogbo ìsopọ̀ wáyà tó o bá rí, CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná plọ́ọ̀gì), ẹnu kọ́kọ́rọ́, ìdí bátìrì, lọ bá fọkanáísà kó fi atẹ́gùn ẹ̀rọ ẹ̀ fẹ́ wọn, kó o wá jẹ́ kóòrùn pa wọ́n. Ṣí ìdérí magineeti náà wò, ẹrẹ̀ máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Kó o tó so bátìrì padà, kí gbogbo ẹ̀ ti gbẹ.

Wá fi plọ́ọ̀gì tuntun sí i, tan án, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, má yí ọwọ́ iná ẹ̀ sókè. Èéfín funfun á jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, má bẹ̀rù, omi tó kù níbẹ̀ ló ń hó, á dáwọ́ dúró. Tó o bá gbọ́ kó-kó-kó nínú ẹ́ńjìnì, pa á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, pa á, tú ọ́ìlì tuntun yẹn dànù bó ṣe gbóná. Mo mọ̀ pé owó ni, mo mọ̀ pé á dùn ẹ́, ṣùgbọ́n wò ó lójú: tó bá ti funfun díẹ̀ báyìí, omi ṣì wà níbẹ̀. Ọ́ìlì tó ní omi nínú kì í lẹ̀ mọ́ irin, bẹ́rìnì kíráǹkì á máa fi irin gbo irin, ìwọ ò sì ní gbọ́ ohunkóhun títí á fi bàjẹ́ tán. Rọ òmíì, tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ló sábà máa ń gbà kó tó jáde ní àwọ̀ ọ́ìlì gidi. Àwọn kan á ní kó o fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kó lè rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, mi ò fọwọ́ sí i, torí kẹrosíìnì tó bá ṣẹ́kù sínú ẹ̀ á sọ ọ́ìlì tuntun di fúyẹ́, inú ọ́ìlì kan náà yẹn sì ni píléètì kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ sí.

Ṣí ilé bùréèkì méjèèjì, nù wọ́n gbẹ, gbo ẹrẹ̀ ara ṣéènì kó o fi ọ́ìlì sí i, yí taya lọ́wọ́ kó o gbọ́ bóyá bẹ́rìnì ń dún. Tó o bá ti gùn ún fún ọjọ́ méjì, tún wo ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fún ẹ̀yin míì tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí: ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìshẹ́rì, ọdọọdún ni odò Ògùn máa ń kún bò wá lápá ibẹ̀, pàápàá láti September wọ October tí wọ́n bá ń tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, nítorí náà mo máa ń rí máṣíìnì tó sun inú omi mọ́jú. Èyí tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà ní pípa nígbà tí omi bò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bọ̀ sípò, tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti kíìkì ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Tó bá jẹ́ omi ọ̀sà tàbí omi òkun ló rì sí, ìyẹn yàtọ̀, iyọ̀ ń jẹ irin àti wáyà kíákíá, omi tó mọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi fọ gbogbo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún títú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dirt bike two-stroke, ọ́ìlì tiyín nísàlẹ̀ jẹ́ ti jíà nìkan, inú ilé kíráǹkì fúnra ẹ̀ ni omi ń wọ̀, nítorí náà ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ pa tápù fúẹ́lì, ẹ dojú ẹ̀ dé pátápátá kó ro jáde, ẹ máa yí i jẹ́jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é.

Àbúrò mi, ti odò yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀nà oko nìyẹn, o ṣì máa gbà á. Kó o tó wọ̀ ọ́, fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn ín já pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Abẹ́ ìjókòó ni ẹnu tí máṣíìnì ẹ fi ń mí wà, tí omi bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, pa á, kẹ́ ẹ gbé e kọjá tàbí kó o dúró kí odò fà. Tó bá sì tún ṣẹlẹ̀ pé ó ń dà nù lọ́wọ́ ẹ nínú omi, fa kílọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ ni kí ọwọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, yí i pa kí ẹ́ńjìnì tó wọ omi. Ṣe ti sítírọ́ọ̀ yẹn lónìí kó o sọ ohun tó o rí fún mi, màá dúró dè ẹ́.